Kọ̀ǹpútà tó lè ta dókítà lólobó

Gbogbo ẹni tó ń gba Sábó kọjá ní Yábàá ló mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Láti ọdún 2011 ni CcHub ti wà ní òpópónà Herbert Macaulay, ibẹ̀ sì ni Mark Zuckerberg wá lóṣù kẹjọ ọdún 2016. Ìgbà wo ni ọgbọ́n yìí yóò dé orí tábìlì nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba?

Ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ó ti débẹ̀. Penda Health àti OpenAI dán ẹ̀rọ kan wò lọ́dún 2025 ní ilé ìwòsàn 15, níbi tí wọ́n ti gba aláìsàn ní ìgbà 39,849. Bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń kọ àìsàn àti oògùn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà ń yẹ ẹ́ wò. Bó bá dára, iná aláwọ̀ ewé ni yóò tàn. Bí ewu bá wà, iná pupa ni, òṣìṣẹ́ náà kò sì lè kọjá láì wò ó. Òun náà ló ṣì ń pinnu. Àṣìṣe nínú mímọ àìsàn fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti ìtọ́jú fi 13 dín kù. Lóòótọ́, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú iye àwọn tó ní ara àwọn kò tíì yá. Síbẹ̀, ta ló fẹ́ kí wọ́n fi àṣìṣe wo òun sàn?

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Kí ara ṣáà ti gbóná, "ibà àti táífọ́ọ̀dù" ni. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn ibà. Ẹ̀rọ tó kàn lè béèrè pé "ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?" yóò wúlò fún wa. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn tó kù, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ a máa gbàgbé nǹkan.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pe àwọn ọmọ Sábó, kí àwọn dókítà LUTH tọ́ wọn sọ́nà, kí wọ́n sì fi ilé ìwòsàn alábọ́dé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá sólà, torí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná wa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tẹ̀ lé òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023, kí àìsàn lámọrín má di ọ̀rọ̀ ọjà. Kí wọ́n má sì kan ra kọ̀ǹpútà jọ sínú yàrá: ní Nairobi, àwọn ọ̀gá ní láti jókòó ti òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n, kí ẹ̀rọ náà tó wúlò.