Salman Hamdani: Ọmọ Tí Wọ́n Fura Sí Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá jáde láyé láàárín àwọn Mùsùlùmí, dáadáa rẹ̀ ni ó tọ́ kí àwọn tí ó ṣẹ́kù máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kọ́ ìjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú New York ní ọdún 2001, tọkọtaya kan wà tí wọn kò rí àyè ṣe èyí fún ọmọ wọn. Kí wọ́n tó lè sunkún rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀.

Mohammad Salman Hamdani ni orúkọ ọmọ náà. Karachi ní ilẹ̀ Pakistan ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1977, ọmọ ọwọ́ sì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọkùnrin mẹ́ta. Saleem, bàbá rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn. Talat, ìyá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́. Bayside, ní apá Queens, ni ilé wọn wà, níbẹ̀ ni Salman sì ti ṣeré bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré lọ́wọ́, fún ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀. Ó fẹ́ràn fíìmù Star Wars tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ‘ọ̀dọ́ Jedi’ ni ó ní kí wọ́n kọ sí ojú nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Jedi ni àwọn jagunjagun inú fíìmù náà tí wọ́n máa ń gba aláìlágbára là. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 23 ni, ẹni tí ó bá sì ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé ìwà ọmọ kì í jìnnà sí ohun tí ó fi ń ṣeré.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Ó ti wa ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì, ó sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá New York. Ní 2001 ó jáde ní Queens College pẹ̀lú oyè nínú kẹ́mísírì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní Yunifásítì Rockefeller. Dókítà ni ó fẹ́ dà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, 11 oṣù September 2001, ó kúrò nílé láti lọ sí ibi iṣẹ́. Kò dé ibẹ̀. Ilé gogoro World Trade Center tí ń jóná ni ó yà sí, láìsí ẹni tí ó rán an.

Àwọn òbí rẹ̀ wá a kiri ọsibítù, wọ́n sì lọ sí Mẹ́kà láti bẹ Ọlọ́hun nítorí rẹ̀. Ní oṣù October, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde bí ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ti sá pamọ́. Àwọn agbófinró ń bèèrè rẹ̀. Kí ni wọ́n rí dì mú? Pé ó jẹ́ Mùsùlùmí, pé Pakistan ni wọ́n bí i sí, àti pé ó mọ kẹ́mísírì. Ẹ̀kọ́ tí òbí fi ń yangàn ni ó wá di ẹ̀rí lòdì sí ọmọ.

Kò yẹ kí Mùsùlùmí ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Sūratul-Hujurāt tí ó kọ àbá dídá, àwọn onígbàgbọ́ ni ó ń bá wí. Mélòó ni ọ̀dọ́ tí ó kú lójijì, tí wọn kò tíì kírun sí i lára tí àwọn kan fi ń sọ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí pé ẹgbẹ́ búburú ni ó ń bá rìn, tàbí pé owó rẹ̀ kò mọ́? Ìyá rẹ̀ ń gbọ́.

Ní 26 oṣù October 2001, òfin ààbò tuntun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe dárúkọ Salman gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó sáré lọ gba ẹ̀mí là. Ó ṣeni ní kàyéfì, nítorí òfin yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ kà sí èyí tí ó fi ojú ṣọ́ wọn. Ní oṣù March 2002 ni wọ́n sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé wọ́n ti rí ohun tí ó kù nínú ara rẹ̀ nínú àwókù náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 5 oṣù April, wọ́n kírun sí i lára ní mọ́ṣáláṣí ńlá tí ó wà ní òpópónà 96 ní Manhattan. Wọ́n ta àsíá Amẹ́ríkà bo pósí rẹ̀, olórí ìlú, Michael Bloomberg, àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Raymond Kelly, sì wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ibi ìrántí àwọn tí ó kú ní 2011, orúkọ rẹ̀ kò sí láàárín ti àwọn ọlọ́pàá àti panápaná. Apá ìkẹyìn, láàárín àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ kankan tan, ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyá rẹ̀ kò gbà, kò sì dákẹ́. Ní oṣù March ọdún náà, Keith Ellison, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, sọ ìtàn ọmọ yìí níwájú ìgbìmọ̀ kan tí ń wádìí àwọn Mùsùlùmí, omijé sì gba ojú rẹ̀.

Ní 2014, wọ́n fi orúkọ Salman sọ òpópónà kan ní Bayside níbi tí ó ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú láti 2004. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn méjèèjì.