Ẹ Yé Fi Pẹtiróòlù Yọ Gọ́ọ̀mù: Òróró àti Ọṣẹ Tó Ṣe É

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tààrà: ẹni tó ń fi pẹtiróòlù fọ àbàwọ́n nínú yàrá, iná ló ń pè wálé. Láti Kétu dé Máìlì 12 títí wọ Ìkòsí, àṣà yìí ti mọ́ wa lára jù. Kọ́ńdọ́ fẹ́ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì àná kúrò lójú gíláàsì dánfó, pẹtiróòlù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, gọ́ọ̀mù lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bọ́ tán, pẹtiróòlù ni. Ọ̀dà ta sí ẹnì kan ní ṣòkòtò, pẹtiróòlù náà ni.

Àwíjàre mẹ́ta ni àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń ní.

Èkíní, wọ́n ní ó ń yára. Òótọ́ ni. Ohun tó ń lẹ̀ nínú gọ́ọ̀mù sítíkà fẹ́ràn epo, epo ló sì ń tú u. Ṣùgbọ́n ṣé òróró ìdáná kì í ṣe epo ni? Fi òróró díẹ̀ pa ojú gọ́ọ̀mù náà, fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, fi káàdì àtijọ́ ha á, kí o sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Yóò kúrò. Nítorí ìṣẹ́jú 20 yìí ni ẹlòmíràn ṣe ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Èkejì, wọ́n ní kò wọ́n. Lágbo ta ni? Kí wọ́n tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá ọkọ̀ ṣì ń kún. Lítà kan kò tó 200 náírà l'Ékòó nígbà náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá 480. Òróró ṣíbí kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: "A ti ń ṣe é tipẹ́, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kì í ṣe omi pẹtiróòlù ló ń gbiná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Kódà nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, afẹ́fẹ́ yẹn ṣì ń jáde, áńbọ̀sì nínú ooru Èkó. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ gbà. Nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, o lè máa fọ aṣọ ní yàrá tìrẹ, kí ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ bá sítóòfù aládùúgbò tàbí jẹnẹrétọ̀ ní bàrándà. Aṣọ tí kì í ṣe òwú pàápàá lè ṣẹ́ná bí o ṣe ń fi ọwọ́ ra á. Kẹrosíìnì kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ èyí tí wọ́n ti po pẹtiróòlù mọ́?

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Inú ìgò mínírà ni a máa ń rọ ìyókù sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá sì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Bí ó bá ń bì, epo náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Àwọn ìyá wa máa ń fi epo ra ọwọ́ àti ọ̀bẹ kí wọ́n tó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, kí oje rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ń sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú tó ń bọ́ ọ̀rá. Ìmọ̀ nìyẹn. A wá pe ìyẹn ní ìwà ará oko, a pe pẹtiróòlù ní ọ̀làjú!

A kò ní kí ẹ fi epo pupa nu aṣọ funfun o. Àbàwọ́n mìíràn ni yóò di. Ṣingọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ aṣọ, yìnyín ni kí ẹ fi gbé e le, kí ẹ tó ha á. Yíǹkì báírò, ẹ fi sanitáísà díẹ̀ kàn án níta, jìnnà sí iná, torí òun náà ń gbiná. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun tí kò hàn. Asitóònù tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ẹ má jẹ́ kó kan fóònù tàbí ike, yóò bà á jẹ́.

Ẹ̀yin alága họ́sítẹ́ẹ̀lì àti onílé, ẹ fi òfin dè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ sọ fún àwọn ọmọọ̀dọ̀ àti ọmọṣẹ́ yín. Ìwọ tí ìgò pẹtiróòlù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, gbé e jáde lónìí. Má dà á sí gọ́tà, ẹlòmíràn lè ju ṣìgá síbẹ̀. Fún ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kó rọ ọ́ sínú táǹkì, níta gbangba, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù.