Rédíò Tó Máa Sọ̀rọ̀ Ni Kí Ará Òkè Àrin Rà

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà dé sábà máa ń ní bọ́tìnnì kan lára rédíò rẹ̀ tí wọ́n kọ SAT tàbí SXM sí. Ẹni tó ń tà á kì í gbàgbé láti nàka sí i. Á ní ọkọ̀ tó pé ni, owó á sì gorí owó. Ìgbà tí ẹni tó rà á bá tẹ̀ ẹ́ lórí Afárá Carter ni yóò tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ń wá ohun tí kò sọnù síbẹ̀. Á máa wá a títí mọ́tò á fi dé Ìdúmọ̀tà. Rédíò ò bàjẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ SiriusXM ló ni ìgbì tó ń wá, Àríwá Amẹ́ríkà sì ni sátẹ́láìtì wọn kọjú sí. Kò sí riwáyà tó lè tún un ṣe, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Kí ẹnikẹ́ni má torí bọ́tìnnì yẹn fi kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀.

Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò bí wọ́n bá fẹ́ ra rédíò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò: ta ni, ibo ni ohùn rẹ̀ dé, owó ta ló fi ń ṣiṣẹ́?

Ojú ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti rí rédíò sátẹ́láìtì rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì AfriStar ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti Kourou. WorldSpace ló ni ín, ilé-iṣẹ́ tí Noah Samara, ọmọ Etiópíà, dá sílẹ̀, nítorí kí rédíò tó mọ́ gaara lè dé ibi tí FM ò dé. Hitachi, JVC, Panasonic àti Sanyo ló ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Èèyàn á kọjú áńtẹ́nà kékeré kan sí ibi tí sátẹ́láìtì wà lójú ọ̀run, ohùn á sì wọlé láìsí kùrúkùrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣooṣù nígbà tó yá. Owó ọ̀hún ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 2008, WorldSpace wà nílé ẹjọ́ l'Amẹ́ríkà, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí àwọn olówó má tí ì gbé ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dákẹ́ níkẹyìn, àwọn ẹ̀rọ tó ní FM lára ṣì rí nǹkan ṣe.

Kì í kúkú ṣe pé sísanwó gbọ́ rédíò jẹ́ tuntun l'Ékòó. Ní 1935 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rediffusion wọlé onílé, tí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ ohun tí BBC bá sọ. Ṣùgbọ́n bí tìyẹn bá dákẹ́, àwọn onílé mọ ọ́fíìsì tí wọ́n á gbà lọ.

Àwọn kan á ní díìṣì ti wà lórí òrùlé, pé ìkànnì rédíò wà nínú dìkódà DStv. Òótọ́ ni, ohùn wọn sì dùn. Ẹni tó ti ń sanwó torí bọ́ọ̀lù kò pàdánù nǹkan kan bó bá gbọ́ rédíò mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ ra díìṣì torí rédíò nìkan ni kó kọ́kọ́ ro ti iná. Kó tó gbọ́ ìròyìn, dìkódà á wà ní títàn, tẹlifíṣọ̀n á wà ní títàn. Bí iná bá lọ, ó di jẹnẹrétọ̀. Rédíò kékeré tó ń fi oòrùn gba agbára kò béèrè ọ̀kankan nínú wọn. Bí òjò oṣù kẹfà bá sì fẹjú, DStv á máa gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á dákẹ́. FM ò tiẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Láàárín àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fara ti ara wọn l'Ókè Àrin l'Ékòó, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ò rí ojú ọ̀run tí díìṣì fẹ́ wò, àfi kó lọ bẹ onílé.

Ti inú ọkọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. L'Amẹ́ríkà gan-an, SiriusXM ní láti ri òpó mọ́lẹ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá nítorí ilé gíga ń dínà ìgbì.

Nítorí náà, FM ni kí ọlọ́kọ̀ náwó lé. Òótọ́ ni pé rédíò Amẹ́ríkà kì í dúró lórí gbogbo nọ́ńbà: 88.1, 88.3, 88.5 ló ń fò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ Èkó tó ń sọ Yorùbá kò ṣòro fún un, torí orí nọ́ńbà tó ń dúró lé ni wọ́n wà: Radio Lagos wà lórí 107.5, Bond FM lórí 92.9, Faaji FM lórí 106.5. Ohun tó ń ba FM jẹ́ ju èyí lọ ni rédíò Android tuntun tí wọ́n ń fi rọ́pò ti àtilẹ̀bá. Áńtẹ́nà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fún ìgbì lágbára, iná ló sì ń lò. Wáyà búlúù kan lẹ́yìn rédíò ló máa ń gbé iná ọ̀hún lọ. Riwáyà tó ń kánjú á fi í sílẹ̀ láìso, ọlọ́kọ̀ á sì máa gbọ́ ṣáá-ṣáá, á ní iléeṣẹ́ rédíò ni kò lágbára. Kó tó sanwó iṣẹ́, kó ní kí wọ́n fi wáyà búlúù yẹn han òun.