Ẹ Sọ Ìdí Tí Ẹ Fi Ní Kí Wọ́n Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn tẹ ìwé ìpè ìnáwó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Linux, LibreOffice àti Python wà lára àwọn sọ́fúwia tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè dá àbá àtúnṣe sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìlànà wọn. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dójú àmì.

Ibi tó ń dùn mí ni pé a kàn máa ń yí gbólóhùn padà, a ó kọ "mo tún un ṣe", ó parí. Ẹni tó ń bójú tó ìwé náà lè wà ní Jámánì, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Kí ni kó fi gbà wá gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká ní ìwé kan sọ pé lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan ni nínú kọ̀ǹpútà, tó wá fi "é" àwọn Faransé ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni, Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó fún "ẹ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní: "ẹ" la ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ká tó fi àmì ohùn lé e. Bí ẹ bá ní kí Python kà á, méjì ló máa pè é. Kíbọọ̀dù míì tiẹ̀ lè fi mẹ́ta kọ ọ́, ìyẹn "e", àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà rí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá "Fẹ́mi" nínú àkọsílẹ̀, tí wọ́n á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ Fẹ́mi wà níbẹ̀ gedegbe.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi "ẹ́" kún ìwé náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ìwé yìí ní lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní rí orúkọ Yorùbá tó ń wá. Ẹ tẹ 'ẹ́' sínú Python, kí ẹ ka iye rẹ̀ wò." Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣákálá kọ ọ́ sí wọn, ó ti tó. Ẹ má wulẹ̀ bá wọn jà pé wọ́n fojú di èdè wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Àwọn oníṣẹ́ Linux pàápàá, ìwé ìlànà wọn ní kí ẹni tó mú àtúnṣe wá ṣàlàyé ìṣòro tó fà á.

Ìdí tí ẹ kọ kì í sọnù. Git tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ń lò, máa ń tọ́jú àlàyé pọ̀ mọ́ àtúnṣe. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ yọ "ẹ́" kúrò lọ́la kí ìwé lè kúrú, á rí ohun tó gbé e débẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sọ́fúwia tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ẹ ṣí ìwé ìlànà rẹ̀, kí ẹ fi orúkọ tiyín dán àpẹẹrẹ inú rẹ̀ wò.