Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Ní Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀rí

Nígbà tí ọlọ́pàá Dubai mú Ramon Abbas, oníjìbìtì orí ayélujára tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ọkọ̀ bọ̀gìnnì 13 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ò rí ti ọkọ̀ rò. Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ẹrù tí wọ́n kà síta ni kọ̀ǹpútà 21, fóònù 47, fláàṣì 15 àti háàdì dísìkì 5. Wọ́n ní fáìlì jìbìtì 119,580 ló wà nínú wọn, àti àdírẹ́sì èèyàn tó lé ní 1,900,000. Kí wọ́n tó lè ka irú iye bẹ́ẹ̀, àwọn kan ti ní láti jókòó ti àwọn ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tú inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti Amẹ́ríkà ní tiwọn fi nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí Hushpuppi fi ṣí Instagram àti Snapchat rẹ̀ tọ́ ipasẹ̀ rẹ̀ délé. Lọ́dún 2021 ó gbà pé òun jẹ̀bi, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ kan ní Los Angeles rán an lẹ́wọ̀n oṣù 135.

Iṣẹ́ àwọn tó tú fóònù wọ̀nyẹn wò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa ti ń wọ yunifásítì lọ kọ́ ọ. Ẹ̀ka ọ̀tọ̀ wà fún ààbò orí ayélujára ní FUTA lÁkùúrẹ́, ó wà ní FUT Minna, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde lọ́dún 2022 gbà á gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀sì tó dá dúró. Inú mi dùn sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìdajì ẹ̀kọ́ náà là ń gbé gẹ̀gẹ̀, a sì fi ìdajì kejì sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn.

Ìdajì àkọ́kọ́ dà bí iṣẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́lé: bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní já wọ kọ̀ǹpútà báńkì, bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí ògiri ti lanu kí olè tó rí i. Èyí ló ń dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olè ti wọlé, tó ti kó ẹrù lọ, tó kù kí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti bí wọ́n ṣe máa fi han adájọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò ní ariwo nínú, òun sì la nílò jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ọ dáadáa. Wọ́n á gbé fláàṣì kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó máa kọ́ ni pé òun ò gbọdọ̀ kì í bọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lásán, torí bí Windows bá ti rí i, ó lè kọ nǹkan sí i lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ write blocker máa ń wà láàárín méjèèjì. Ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ohun tó wà níbẹ̀, kì í jẹ́ kó kọ ohunkóhun sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan ibi tó dà bíi pé ó ṣófo. Fáìlì téèyàn pa rẹ́ lórí fláàṣì sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ kúrò nínú àkọsílẹ̀, títí dìgbà tí fáìlì mìíràn á fi gba àyè rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á máa yẹ̀ wò. Ojúlówó á wọ àpò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ̀ pé wọn ò yí nǹkan kan padà? Wọ́n á ṣírò àmì kan tí wọ́n ń pè ní hash fún ojúlówó àti fún ẹ̀dà. SHA-256 tí wọ́n sábà ń lò máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Kọ “Mo san owó náà” sínú fáìlì kan, kí o ṣírò rẹ̀. Fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo kún un, kí o tún un ṣírò. Ohun tó máa jáde lẹ́ẹ̀kejì kò ní jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó bá yí ẹyọ lẹ́tà kan nínú ẹ̀rí ti tú ara rẹ̀ fó nìyẹn.

Ohun kékeré sì máa ń mú ẹni ńlá. Dennis Rader pa èèyàn mẹ́wàá nílùú Wichita àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1974 sí 1991, ọlọ́pàá ò rí i mú. Ní oṣù kejì ọdún 2005, ó fi flọ́pì dísìkì kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Fáìlì kan tó ti pa rẹ́ wà lórí rẹ̀, Microsoft Word sì ti fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan sínú fáìlì náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn: Dennis. Rader ni ààrẹ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Kí oṣù náà tó parí ni wọ́n ti gbé e, DNA sì fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ó lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti ń wá a.

Nílé wa ńkọ́? Ọlọ́pàá á dá mọ́tò dúró lójú pópó, á rí ọ̀dọ́ kan tó gbé láptọ́ọ̀pù kọ́rùn, á ní kó mú fóònù rẹ̀ wá. Á máa fi àtàǹpàkò yí i sókè sódò, á ka WhatsApp, á ṣí áàpù báńkì. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, abala 45 nínú òfin Cybercrimes ọdún 2015 sì la ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́ kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ èèyàn wò. Ìyà aláìṣẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dùn mí níbẹ̀, ó wà lára ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde nígbà ìwọ́de EndSARS lóṣù kẹwàá ọdún 2020. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀daràn gidi ló ni fóònù náà, àtàǹpàkò yẹn ti ba ẹjọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni fóònù kò tíì kà ti di kíkà. Aago tí wọ́n ṣí nǹkan kẹ́yìn ti yí padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹmẹ̀wà rẹ̀ lè jókòó síbòmíràn kó nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ já fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ná.

Àwọn adájọ́ wa ò sì fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé kí wọ́n fi hàn pé kọ̀ǹpútà tó gbé ìwé jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ ìbò gómìnà Bayelsa láàárín Kubor àti Dickson, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ da àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látorí íńtánẹ́ẹ̀tì nù, torí wọn ò tẹ̀ lé abala yìí. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní agbẹjọ́rò àgbà lẹ́yìn, kí ni ká retí fún ìyá aláta tí wọ́n fi síìmù gba gbogbo owó ajé rẹ̀ nínú báńkì, tó ń mú fọ́tò tó yà lójú fóònù lọ sí tẹ́ṣàn? Ipasẹ̀ olè yẹn wà lọ́dọ̀ báńkì, ó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ síìmù. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní bíbéèrè, tó sì béèrè kí wọ́n tó pa á rẹ́, ló ṣọ̀wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì. NUC ṣètò ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ náà, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi púpọ̀ nínú ìdá 30 yẹn kọ́ wọn nípa ẹ̀rí. Ẹ pe olùkọ́ ẹ̀ka òfin wá. Ẹ má sì sọ fún wa pé owó ni ò jẹ́: ọ̀fẹ́ ni Autopsy àti FTK Imager tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà dísìkì, tí wọ́n sì fi ń tú u wò, wọ́n ń ta háàdì dísìkì àlòkù ní Computer Village n'Íkẹjà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lè fúnra rẹ̀ hun ẹjọ́ kan sínú dísìkì, kó ní kí àwọn ọmọ tú u.

Mo gbà pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí fóònù wọ́n gan-an, iná ọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ìjọba ló kàn níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ní kí wọ́n máa yọ ìdajì náírà lórí 100 náírà tá a bá fi ránṣẹ́, nítorí ààbò ayélujára. Aráàlú figbe ta, wọ́n sì wọ́gi lé e nínú oṣù kan náà. Bí wọ́n bá tún gbé e dé, kí wọ́n kọ́kọ́ fi yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ kọ́ hàn wá, ní yunifásítì wo, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa ná sí i.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí á sọ ọmọ àwọn di ọmọ Yahoo. Ọ̀pọ̀ nínú gbájúẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹnu dídùn àti fọ́tò ayédèrú ni wọ́n fi ń ṣe é, kò gba dìgírì. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ tó tún yọjú, ó ti mọ bó ṣe ṣòro tó láti fi nǹkan pa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì yìí sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ kọ́kọ́ dé ẹ̀ka náà. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá àyẹ̀wò hàn yín. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta bóyá ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà dísìkì rí, bóyá wọ́n ti kọ́ ọ ní abala 84, bóyá wọ́n ti mú un dúró rí kí ẹnì kan máa da ìbéèrè bò ó bí agbẹjọ́rò ṣe ń ṣe níwájú adájọ́. Bó bá ní wọn ò ṣe é rí, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi níbí.