Wáìnì Latour àti ògógóró: kí ló dé tí ìgò kan fi ní orúkọ, tí èkejì ò ní?

Ẹni tó bá ra ẹmu láàárọ̀ ní Ìṣùà Àkókó mọ̀ pé ọjà ọjọ́ náà ló rà. Tó bá fi di ọ̀sán, ẹmu ti ń hó. Tó bá di alẹ́, ó ti le. Tó bá fi máa tó ọjọ́ mélòó kan, ó ti kan pátápátá. Adẹ́mu ò jẹ̀bi. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú omi ọ̀pẹ, kì í sì í sinmi látìgbà tí ẹmu bá ti kán sínú kèrègbè.

Ní Pauillac, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Gironde ní agbègbè Bordeaux lórílẹ̀-èdè Faransé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Oko àjàrà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Château Latour. Wáìnì pupa tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ lónìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n mu á ní kó ṣì dúró ọdún mẹ́wàá, ogún, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjàrà tí wọ́n ń lò jù, Cabernet Sauvignon, ní èèpo tó nípọn, ohun kan sì wà nínú èèpo àti kóró rẹ̀ tó máa ń fa ẹnu pọ̀, irú èyí tí èèyàn ń bá pàdé tó bá jẹ obì. Ohun yẹn ló ń dáàbò bo wáìnì náà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, adùn sì ń jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjàrà nìkan ló sọ Latour di Latour. Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta fẹ́ ṣe àfihàn ọjà ńlá ní Paris, ó ní kí wọ́n to wáìnì Bordeaux sí ipò. Oko mẹ́rin ló wà ní ipò kìn-ín-ní, Latour sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ìgbà náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún wọn, ìyẹn Mouton Rothschild, ní 1973. Ní 1935, òfin dé tó sọ pé orúkọ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè lẹ̀ mọ́ ìgò. Bí àjàrà ò bá ti Pauillac wá, ẹ ò gbọdọ̀ kọ Pauillac sí i.

Owó náà tún wà ńbẹ̀ o. Ní 2012, Latour kéde pé òun ò ní máa ta wáìnì òun nígbà tó ṣì wà nínú àgbá mọ́, bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń ṣe. Yóò máa tọ́jú ẹ sábẹ́ ilé títí yóò fi tó mu. François Pinault, tó wà lára àwọn olówó jù ní Faransé, ló ra oko náà ní 1993. Ta ló tún lè ṣe irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Adẹ́mu tó fẹ́ san owó iléèwé ọmọ lọ́jọ́ Ajé ò lè ṣe é.

Àwọn kan á ní kí ló wá kàn wá níbẹ̀. Ọtí kan wà nílẹ̀ wa tí kì í bàjẹ́: ògógóró. Wọ́n á da ẹmu tàbí ògùrọ̀ tó ti kan sínú àgbá, wọ́n á dáná sí i, èéfín rẹ̀ á gba inú páìpù tó wà nínú omi tútù kọjá, á sì di ọtí. Àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wá ni òfin ṣe fún un? Ìjọba amúnisìn fòfin dè é. Wọ́n ní nítorí ìlera ni, ṣùgbọ́n owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ọtí òyìnbó náà ò kéré lápò ìjọba. Àwọn tó ń ṣe é sá wọ inú igbó. Ẹni tó bá sì ń fi iṣẹ́ pamọ́, kò ní kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ohun tí àìlórúkọ yẹn lè fà hàn ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà. Orí á fọ́ èèyàn, ojú á ṣú, á fọ́, ikú á sì tẹ̀ lé e kíákíá. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àjọ ìlera àgbáyé WHO kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé methanol ni, ọtí ilé iṣẹ́ tó jọ ọtí gidi lójú àti lẹ́nu, tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ẹ̀mí tó ṣòfò níbẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ìjọba tún fòfin de ògógóró. Títí dòní, wọ́n ṣì ń tà á.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe ayédèrú wáìnì náà. Ní 2008, wọ́n fẹ́ gbé àwọn ìgò kan ta ní gbàǹjo ní New York, ọdún tó wà lára àwọn kan sì jẹ́ 1945. Ará ilé Ponsot, tí orúkọ wọn wà lára ìgò náà, gbéra láti Faransé wá dá a dúró: ọdún 1982 ni ìdílé òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú wáìnì yẹn. Rudy Kurniawan tó gbé ìgò náà wá dèrò ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Orúkọ àti ọdún ló tú u fó. Ní Ìrèlè, kò sí orúkọ tí wọ́n lè tọ̀ padà dé ìdí àgbá tí májèlé ti wọlé.

Kì í ṣe Faransé nìkan ló ń ṣe é. Láti 2013 ni àjọ OAPI ti forúkọ ata Penja ti Kamẹrúùnù sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó lè lo orúkọ náà. Orílẹ̀-èdè Benin ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada. Nàìjíríà ò sí nínú OAPI, a ò sì ní òfin tó dá dúró lórí orúkọ ilẹ̀. Òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà ti 1965 ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣì máa gbà wọlé. Òfin yẹn fàyè gba ẹgbẹ́ kan láti ní àmì tirẹ̀, kó sì máa yẹ ọjà àwọn tó bá fẹ́ lò ó wò. Ó ń gba owó, ó ń gba àyẹ̀wò, ó sì ń gba kí àwọn adẹ́mu kóra jọ.

Ní Ìṣùà, ẹni tó bá ra ẹmu lábẹ́ ọ̀pẹ ṣì mọ ẹni tó dá a, ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ ibi tó máa lọ tí inú bá run ún. Tí ẹmu náà bá wá wọ kẹ́ẹ̀gì, tó gba ọ̀nà Ìbílò kọjá sí ìpínlẹ̀ Ẹdó, tàbí tó gba Ìkàrẹ́ lọ, ó ti di ẹmu lásán.