Eré Tẹlifíṣàn Alápá Púpọ̀ ní Èdè Yorùbá: Láti Pálọ̀ sí Ojú Fóònù

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, eré kan tí wọ́n ń pè ní Days of Our Lives kúrò lórí tẹlifíṣàn NBC ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí ó ti ń jáde níbẹ̀. Eré náà kò kú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó o lọ, níbi tí ẹni tó bá san owó àsansílẹ̀ ti lè rí i. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2009, Guiding Light, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1937 kí ó tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní 1952, ti kógbá wọlé pátápátá. Eré ọ̀sán ni irú àwọn eré bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ bùkátà wọn, kí àwọn ìyàwó ilé tó ń fọṣọ tàbí tó ń dáná lè máa gbọ́ ìpolówó ọṣẹ láàárín ìtàn. Ìdí nìyí tí orúkọ ọṣẹ fi mọ́ wọn lára títí dòní.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Adó-Èkìtì kò tíì wo inú ilé ẹnikẹ́ni ní Ajílóṣùn tàbí Baṣírì ní alẹ́. Pálọ̀ wà, tẹlifíṣàn wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ìyá ń wo tirẹ̀ nínú fóònù ní yàrá, ọmọ ti ki nǹkan bọ etí ní ẹ̀yìnkùlé, baba nìkan ló jókòó ti ìròyìn, bí iná bá wà. Eré Yorùbá ni ìyá ń wò. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ eré Yorùbá ni ọmọ náà ń wò. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá bi ara rẹ̀ ni ohun tó ti sọnù láàárín àwọn méjèèjì, nígbà tí eré kò tíì sọnù.

Lóòótọ́, eré ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ìyá tó ń lọ sí oko tàbí ọjà kò ráyè jókòó ti tẹlifíṣàn ní aago méjì ọ̀sán. Eré alẹ́ ni ti Yorùbá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni ọ̀nà ti là fún àwọn eléré orí ìtàgé. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, di ìlúmọ̀ọ́ká níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú eré Aláwàdà. Oyin Adéjọbí gbé Kóòtù Aṣípa kalẹ̀, níbi tí aáwọ̀ tọkọtaya àti ti aládùúgbò ti ń di ẹjọ́, tí ẹjọ́ sì ń di ẹ̀kọ́. Yánpọnyánrin tún gba ìgboro ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré wọ̀nyí ti ń fi ọkọ̀ rìn láti ìlú dé ìlú kí tẹlifíṣàn tó gbà wọ́n sílé. Èdè tí wọ́n kó wọ inú tẹlifíṣàn jẹ́ èdè tí àwọn olùwòran ìlú kéékèèké ti dán wò, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí.

Kò yẹ kí ará Èkìtì gbàgbé pé ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà náà, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1925, ó sì kú ní 1973. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó tó di eléré. Òun ló sọ ìwé Amos Tutuọ́lá nípa ọ̀mu ẹmu di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Olùkọ́ tó di eléré: ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ro ìyẹn dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣàjèjì. Fídíò dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn eléré sì rí i pé owó wà nínú kí a ta eré fún oníbàárà ju kí a dúró de owó ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn lọ. Lẹ́yìn fídíò ni fíìmù inú àwo, lẹ́yìn àwo ni Africa Magic Yorùbá ní ọdún 2010 fún àwọn tó ní díkódà, lẹ́yìn rẹ̀ ni iROKOtv ní 2011. Netflix wọ Nàìjíríà ní 2016. Láàárín gbogbo èyí, YouTube, tí ènìyàn lè wò láìsan owó àsansílẹ̀, ló wá gba ọjà náà. Ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ òṣèré Yorùbá ló ti ní ojúlé tirẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ pé eré Yorùbá ń kú kò ka ohun tó wà nílẹ̀. Eré pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ohun tó ń kú ni ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọjọ́ méje tó wà láàárín apá kan àti apá kejì. Nígbà tí eré bá dúró níbi tí ìyàwó kékeré ti fẹ́ ṣí ìkòkò, gbogbo àdúgbò ló ń bá eré náà lọ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ń jiyàn nípa rẹ̀ ní ìdí omi, ní ibùdókọ̀, ní ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò wò ó a máa bẹ ẹni tó wò ó kí ó sọ ọ́ fún òun, ẹni tó wò ó a sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá, a máa ṣe bí òṣèré, a máa pe òwe tí baálé pè, bí kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn sísọ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olùkọ́ tó fún un ní máàkì. Lónìí, apá mẹ́wàá wà nínú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ a wò wọ́n tán lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì a mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Èyí tó tún burú jù ni ti òwe. Ní pálọ̀ àtijọ́, bí àgbà inú eré bá pòwe tí kò yé ọmọ, ọmọ yóò bèèrè pé, "Màmá, kí ni bàbá yẹn ní?" Ìyá àgbà yóò dá a lóhùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbínú díẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ń dí òun létí. Ìdáhùn yẹn ni ẹ̀kọ́ èdè. Kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì bọ́ sí àsìkò tí ọmọ fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹni tó ń fi ohun àfietígbọ́ wo eré nínú fóònù kò ní ẹni tí yóò bi. Ohun tó ní ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí òwe bá ti kọjá òye rẹ̀, ojú rẹ̀ a sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni eré Yorùbá ń di ibi tí ó ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i báyìí. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Àkúrẹ́, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti jéléósinmi dé yunifásítì. Yorùbá ṣì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ní wákàtí tó kù nínú ọjọ́ ọmọ, níbo ni yóò ti gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀, tó gùn ju àṣẹ àti ìbáwí lọ? Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Adó, inú eré ni.

Owó ló sì ń pinnu irú eré tí wọn yóò rí. Àwọn kan gbójú lé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun. Wọ́n ní ẹ̀rí: Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe jáde lórí Netflix ní 2022, wọ́n sì sọ ọ́ di eré alápá púpọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024, ní èdè Yorùbá, gbogbo ayé sì rí i. Ó yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà ni Prime Video ti Amazon kéde pé òun kò ní máa náwó sí eré tuntun mọ́ ní Áfíríkà. Àṣẹ kan láti òkèèrè, ilẹ̀kùn sì tì. Ilé tí a yá gbé kò ṣeé fi gbogbo ẹrù kó sí.

YouTube ní tirẹ̀ ń sanwó gẹ́gẹ́ bí ìpolówó ọjà tí wọ́n fi sáàárín eré, iye tí ìpolówó náà sì ń mú wá dá lórí ibi tí olùwòran wà. Olùwòran kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston níye lórí ju olùwòran púpọ̀ ní Ìyìn tàbí Ìgèdè lọ. Kò yani lẹ́nu nígbà náà bí a bá ń kọ eré sí ẹni tó wà lókè òkun, bí orúkọ eré bá jáde láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́yìn láti polongo pé tuntun ni. Ní Ọjà Ọba, ìyá tí kò lówó dátà ń gbé káàdì fóònù rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní kọ̀ǹpútà lábẹ́ agbòjò, kí ó kó eré sínú rẹ̀ fún òun. Olówó eré kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Olè ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Síbẹ̀ ọ̀nà yẹn ni eré fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sọ èdè náà jù.

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ńkọ́? Ẹni tó bá wo eré Yorùbá fún ọdún kan lè má gbọ́ gbólóhùn mẹ́wàá tí wọ́n fi ohùn Èkìtì sọ, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ pa olùwòran lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń pe ilé ní "ulé" ni ọmọ ọ̀dọ̀, òun ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, òun ni ará oko. Irú ẹ̀rín kan náà ni wọ́n fi kọ́ Jenifa's Diary láti ọdún 2015, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbẹ̀ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán ni wọ́n ń rín. Eré náà dùn, Fúnkẹ́ Akíndélé sì mọṣẹ́. Síbẹ̀ ọmọ tó ń wò ó ń kọ́ ẹni tó yẹ kí ó máa tijú. Nígbà tí eré wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá kan, a lè sọ pé Yorùbá àjùmọ̀lò ló kárí gbogbo ènìyàn. Àwáwí yẹn ti tán. Fóònù tí a fi ń wo eré náà ni a lè fi yà á.

Níbi tí iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ eré onítàn ní kíláàsì, olùkọ́ a fún un ní máàkì, ìwé a sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà bá kọ apá mẹ́fà ìtàn kan ṣoṣo, apá kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń gbé e jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n tàbí Adó, ọ̀sẹ̀ tó ń kú yóò jí díẹ̀. Tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ó nílò ohun tí yóò gbé sáfẹ́fẹ́. Kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán jẹ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí a kọ ìtumọ̀ ẹ̀ka-èdè sí Yorùbá àjùmọ̀lò níbi tó bá yẹ. Ọmọ tí ń fi etí gbọ́ "ulé", tí ń fi ojú ka "ilé", ń kọ́ àkọtọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀ka-èdè lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé pátákó síwájú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ irú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ti ṣe iṣẹ́ àmì ohùn ju ti ìdánwò méjì lọ.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí, iná kò dúró, àwọn òṣèré tó mọṣẹ́ wà ní Èkó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ògúnmọ́lá náà kò ní iná nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò lè dúró de owó. Púpọ̀ nínú eré tí WNTV àti NTA gbé jáde ní ayé àtijọ́ kò sí mọ́, nítorí pé téèpù wọ́n, wọ́n sì ń gba eré tuntun lé orí ti àtijọ́. Ohun tó kù wà ní ọwọ́ àwọn tó fi fídíò gbà á sílẹ̀ ní ilé wọn, nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí òógùn ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kí ó bèèrè àpótí náà, kí ó sì kọ orúkọ eré, ọdún àti orúkọ àwọn òṣèré tí àgbà ilé bá ṣì rántí, kí téèpù náà tó di ohun tí wọ́n fi ń so àgbàdo.